Ìlà Kẹta

Ọjọ́ Sátidé, òjò ti ṣèlérí ṣùgbọ́n kò tíì dé,
a kúrò ní Ṣẹ́fíìdì láago mẹ́jọ ààbọ̀,
ìrẹsì gbígbóná nínú kúlà,
bàtà òjò ọmọ méjì nínú ọ̀rá,
Màmá níwájú, báàgì rẹ̀ lórí orúnkún
bí ẹni tí wọ́n lè sọ̀ kalẹ̀ nígbàkigbà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló ti dé láti Ìlá.
Kò béèrè Lọ́ńdọ̀nù, kò béèrè ààfin ọba.
Abúlé kan ṣoṣo ló dárúkọ,
ibi tí obìnrin kan gbé, tó ń kọ ewì,
tó sì kú kí bàbá Màmá tó mọ bí a ṣe ń so bàǹtẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń fi pàṣán kọ́ni níwèé,
Tíṣà Fálọlá kọ ewì obìnrin náà sójú pátákó:
ewì odò, ìlà mẹ́rin.
Màmá ka ìkínní, ó ka ìkejì,
ìlà kẹta fò lọ bí ẹ̀gà.
Ẹgba mẹ́fà. Ó ṣì mọ iye rẹ̀.

Pọ́ùn mẹ́sàn-án lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà.
"Láti wo ibùsùn òkú?" ni Màmá wí,
ó dijú bí ẹni tó ń gbàdúrà fún wa.
Ṣíjúadé sanwó.
Àga ìkọ̀wé wà lẹ́yìn okùn pupa,
ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Akínlabí fi béèrè
bóyá ọmọdé ló ń kọ ewì náà.
Gègé kan. Ìgò tàdáwà tó ti gbẹ.
Obìnrin tó ń ṣọ́ ilé rẹ́rìn-ín sí wa ju bó ṣe yẹ,
ó ní ṣé a ti gbọ́ nípa akéwì náà rí.
Màmá fi Yorùbá dá a lóhùn:
"Torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe nà mí."
Mo túmọ̀ rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, a ti gbọ́.

Lẹ́yìn ilé, ọ̀nà ẹsẹ̀ la pápá àgùntàn kọjá.
A gun àkàbà onígi, a fo ògiri òkúta,
èmi níwájú, Ṣíjúadé lẹ́yìn, Màmá láàárín bí ẹyin.
Àwọn àgùntàn gbójú sókè, wọ́n tún padà sídìí koríko;
a kì í ṣe ìròyìn fún wọn.

Odò náà rèé.
Ìbídùn fò ó kọjá. Ó fò padà.
Kò tó ibi tí a ti ń ṣan ẹsẹ̀ ní Ọ̀ṣìn,
kò lè gbé igbá lọ.
"Ṣé eléyìí ni?"
Mo wo àwòrán ilẹ̀ inú fóònù. Eléyìí ni, Mà.
"Ó ní ó ń bú ramúramù."

Ó jókòó lórí òkúta, ó tú okùn bàtà,
ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tí mo rà fún un,
ó ki ẹsẹ̀ bọ omi, ó gbin, kò sì yọ ọ́.
Ó ka ìkínní. Ó ka ìkejì.
Gẹ̀ẹ́sì Tíṣà Fálọlá gan-an,
ọrùn rẹ̀ le bí ti ọmọ tó dìde nídìí bẹ́ǹṣì.
A dúró.
Akínlabí pàápàá dákẹ́.
Ewé kan gorí omi dé, ó há sí ọrùn-ẹsẹ̀ Màmá,
ó já, ó lọ.
Ìlà kẹta kò wá.

Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Ìka mi ti sún mọ́ ọn.
Ṣíjúadé mi orí.
Ìgbà náà ni òjò mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ.

A jẹ ìrẹsì nínú ọkọ̀, èémí wa bo gíláàsì,
Ìbídùn fìka ya àgùntàn sí i,
àgùntàn ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún.

Nígbà tí a ń padà, ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n ti sùn lẹ́yìn,
mo ń tẹ̀lé tírélà kan tó ru wàrà.
Màmá sọ̀rọ̀, kò wò mí:
"Mo kéré níbi tí mo ti ṣẹ̀,
ẹ má fi ìyẹn wọn ibi tí mò ń rè."

Ní Yorùbá. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà kọ ọ́,
bóyá omi tútù ló kọ́ ọ. N kò béèrè.
"Kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi," ló wí, "kí Tíṣà tó dé."
Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí sítíárìn.
Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ń gbẹ níwájú ihò ooru.